Kíláàsì èdè Ṣáínà kan ní Lágere: bí mo ṣe rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kíláàsì èdè Ṣáínà tí mò ń lọ ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, èsì mi rèé: owó ibẹ̀ tó owó, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Iṣẹ́ tí tíṣà máa ń gbé fún wa ni kò jẹ́ kí n sá. Ẹ wo ti ọjà. Ó pín wa ní méjì-méjì. Jálẹ̀ ọjà wà nínú ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Èmi tí mo fẹ́ rà, iye owó àpò mi nìkan ni mo mọ̀. A ò gbọdọ̀ yọjú wo ìwé ara wa, Yorùbá sì di èèwọ̀. Kò sọ́nà míì àfi ẹnu. Àwa tá à ń ná tòmátì ní Ọjà Tuntun, ta ni yóò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń nájà? Ọmọ físíìsì tó jókòó síwájú mi pe báàgì ní wǔshí kuài (àádọ́ta owó Ṣáínà). Mo pariwo, "Tài guì le!" (ó ti wọ́n jù!). Ó mirí, ó ní "bùxíng" (kò ṣeé ṣe). Mo dìde bí ẹni ń lọ, ló bá pè mí padà. Sānshíwǔ, márùndínlógójì, ni mo rà á.

Ti máàpù ọgbà OAU náà dùn. Moremi Hall kò sí lórí tèmi, Motion Ground kò sí lórí ti ẹnìkejì mi, ká júwe ọ̀nà fúnra wa. Nígbà tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ júwe dípò ká sọ zuǒ (òsì) àti yòu (ọ̀tún), tíṣà ní ká káwọ́ sẹ́yìn.

Àmọ́ mo bínú sí ti "dìde, sọ orúkọ rẹ". A ti mọ orúkọ ara wa tipẹ́, ta wá ni mò ń sọ ọ́ fún? Àdàkọ lẹ́tà Ṣáínà náà sú mi. Ti WeChat, áàpù tí àwọn ará Ṣáínà fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, sàn jù ú lọ: o tẹ pinyin (èdè Ṣáínà tí a fi ABD kọ), fóònù kó lẹ́tà bíi mélòó kan síwájú rẹ, o mú èyí tó yẹ. Bó o bá ṣì í mú, gbogbo gúrúùpù á fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń sáré HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà fún àwọn àjèjì, ẹ rò ó dáadáa. Nínú ètò olípele mẹ́fà, ìpele kìíní béèrè ọ̀rọ̀ 150, ìkejì 300, kíláàsì yìí ò sì tẹ̀lé àkójọ ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn rárá. Bẹ́ ẹ bá lọ, ẹ jókòó sápá fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn kẹta (ọ̀kan nínú ohùn mẹ́rin èdè Ṣáínà) létí ilẹ̀kùn.