Driving Focus inú iPhone: ó dá WhatsApp lẹ́kun, kò dá ọwọ́ awakọ̀ lẹ́kun

Ẹni tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gbójú kúrò lójú títì fún ìṣẹ́jú àáyá 3 láti ka àtẹ̀jíṣẹ́, ti dijú rin mítà 83. Kó tó gbójú sókè, ọkọ̀ agbépo tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ti dé iwájú rẹ̀. Fífèsì tún burú ju kíkà lọ, torí ojú, ọwọ́ àti ọkàn ló jọ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Driving Focus ni ètò tó ń dá ìfitónilétí fóònù dúró nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, inú iPhone tó ní iOS 15 sókè ló sì wà. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Focus, ẹ tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lókè, kí ẹ yan Driving. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni bí yóò ṣe máa tan. Automatically ń fi ìrìn ọkọ̀ mọ̀ pé ẹ wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò mọ awakọ̀ yàtọ̀ sí èrò. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn dáńfó á rí i pé fóònù òun ò dún mọ́, á bínú pa á, kò sì ní tan án mọ́. Manually gba ìrántí, ẹni tó ń kánjú jáde ní ìdájí kì í sì í rántí. Èyí tó ń lo Bluetooth ọkọ̀ ni kí ẹ mú: bí fóònù bá ti so mọ́ rédíò ọkọ̀, ó tan, bí ẹ bá pa ọkọ̀, ó kú.

Tòkunbọ̀ àtijọ́ tí kò ní Bluetooth ńkọ́? Ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ní Bluetooth, tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá, tó ń gbé orin gba orí FM. iPhone lè má kà á sí ọkọ̀ o. Nítorí náà ẹ wọ áàpù Shortcuts, ẹ tẹ Automation, ẹ yan Bluetooth, ẹ mú orúkọ ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi Set Focus tan Driving. Ẹ má gbàgbé Run Immediately, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa bi yín léèrè lórí ìrìn, ohun tí a sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí ìpè wọn máa wọlé. Ẹ má fi WhatsApp sínú àwọn áàpù tí ẹ gbà láyè.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyí: orí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni Auto-Reply, èsì tí fóònù ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́, kì í dáhùn lórí WhatsApp, ibẹ̀ sì ni oníbàárà àti ẹbí wà. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀. Ẹ kọ èsì náà ní Yorùbá pẹ̀lú: “Mo ń wakọ̀ lọ́wọ́, màá pè yín tí mo bá dé.”

Siri, olùrànlọ́wọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nínú iPhone, náà kò gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá ní kó máa ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín, yóò fi ahọ́n òyìnbó ka “Ṣé ẹ ti dé?” títí kò fi ní nítumọ̀, awakọ̀ á sì gbé fóònù láti fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ pa Announce Notifications.

Síbẹ̀, kò sí ohun tó ní kí awakọ̀ má ṣí fóònù fúnra rẹ̀. Inú àpò tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ni kí fóònù wà. Bó bá jẹ́ pé máàpù ni ẹ nílò, ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ sí i kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ fi fóònù kọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí kò ti ní bo ojú títì.

Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀, ẹ wọ Screen Time nínú Settings, ibi tí òbí ti lè ṣàkóso fóònù ọmọ, lẹ́yìn náà Content & Privacy Restrictions, kí ẹ má ṣe gba àyípadà Driving Focus láyè. Òbí ni kó mọ nọ́ńbà ìṣínà Screen Time náà, kí ọmọ má mọ̀ ọ́n.