Opinel Nọ́ńbà 8, ọ̀bẹ àpò tí mo kọ́kọ́ ní: bó ṣe ń ṣe lójò àti lọ́yẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń wá ọ̀bẹ àpò tó máa rà, tó sì máa jù sínú àpò láìtọ́jú ẹ̀, kó má ra Opinel onírin CARBONE, ìyẹn irin tó máa ń dógùn-ún bí wọn ò bá nù ún gbẹ. Mo tètè sọ ọ́ kí n má baà fi àkókò yín ṣòfò. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ọ̀bẹ tó mú ṣáṣá, tí kò sì ni yín lára láti nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Òun lọ̀bẹ àpò tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi, mo sì tún ti wá òmíràn rà.

Àbúrò màmá mi ló mú un bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọjọ́ náà gan-an ni màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù kí n má fi ṣe ara mi léṣe o. Ìsọ̀ àdìrẹ wa ní Ìtòkú ni wọ́n ti rí iṣẹ́ fún un. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á yọ ọ́ fún mi kí n fi tú ìko, bí mo bá ṣe tán, wọ́n á gbà á padà. "Ìwọ ọmọ yìí, bó o bá fi nǹkan yìí ya aṣọ oníbàárà mi, ìwọ lo máa sanwó ẹ̀." Orí àdìrẹ ni mo ti mọ ìwà ẹ̀.

Ẹni tó bá ti tú àdìrẹ oníko rí mọ̀ pé ìko tí wọ́n dì le, tí aró ti mu, tó wá gbẹ mọ́ aṣọ, kì í tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀bẹ ìdáná nípọn jù, kò ráyè wọ abẹ́ ẹ̀. Abẹ ń ráyè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní èèkù, ìka ọwọ́ ló ń jìyà ẹ̀. Irin Opinel fẹ́lẹ́, ó sì ṣóńṣó lẹ́nu. Mo máa ń rọra ti ṣóńṣó yẹn bọ abẹ́ ìko, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló máa kan aṣọ, ojú tó mú á kọjú sókè, màá wá gbé e díẹ̀. Ìko á já pá, aṣọ á tú, ẹ ó sì rí òbìrí funfun yẹn láàrin aró. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni kò bá a mu, torí òwú ẹ̀ ti rì sínú aṣọ jù. Abẹ náà ni màmá mi ń lò fún ìyẹn títí dòní.

Joseph Opinel ló ṣe irú ọ̀bẹ yìí ní 1890, ní Savoie, lágbègbè òkè Alps. Kò sí àṣejù lára ẹ̀: igi kan, irin kan, ìṣó kan, òrùka méjì, ó parí. Irin nọ́ńbà 8 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Òrùka tó ṣeé yí, tó dé ní 1955, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ yí i, ó di ẹnu ihò èèkù, ọ̀bẹ ò sì lè ká mọ́ ìka yín. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé ní Victorinox pupa, tòun ti sísọ́ọ̀sì àti ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo, gbogbo wa la sì ń jowú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó de irin gígùn tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tì í síbi tí kò yẹ, ó lè ká mọ́ yín lọ́wọ́.

Ojú ọjọ́ wa ló ń bá Opinel jà. Igi beech ni èèkù ẹ̀, igi yìí sì máa ń mu omi. Bó bá di oṣù kẹfà, tí òjò ò dáwọ́ dúró, igi á wú, á fún irin mọ́ inú, ẹ ó fi èékánná fà á títí, kò ní jáde. Àwọn ará Savoie mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: ẹ yí òrùka kó ṣí, ẹ di èèkù mú, kẹ́ ẹ gbá ìdí ẹ̀ mọ́ nǹkan líle, ṣóńṣó irin á yọ fúnra ẹ̀. Nílùú tí òkúta ò ti wọ́n yìí, ìyẹn kọ́ ni ìṣòro wa. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, torí náà sánpépà ni mo wá fi ra inú ihò náà díẹ̀, ó sì dẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, òdìkejì ẹ̀ ni. Igi á gbẹ, á súnkì, irin ò ní dúró dáadáa nínú ẹ̀ mọ́. Òrùka ti ayé ìgbà yẹn ò lè tì í bó bá wà ní pípadé, nítorí náà ó lè ṣí sínú àpò ṣòkòtò. Rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó ni mo ń fi dè é. Àwọn tí wọ́n ń ṣe láti 2000 ṣeé tì ní ṣíṣí àti ní pípadé. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ àtijọ́, kó kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò.

Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi irin CARBONE bó ọsàn, kẹ́ ẹ tó jẹ ọsàn ọ̀hún tán, irin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ọsàn á sì máa ta irin lẹ́nu. Ẹ má fòyà. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdógùn-ún, ó tilẹ̀ ń bá a dènà ìdógùn-ún pupa díẹ̀. Bó bá ti dúdú káríkárí, ìtọ́wò irin yẹn á lọ. Pupa ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún: ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró àgbọn díẹ̀ pa á. Òróró ẹ̀pà máa ń lẹ̀ bó bá pẹ́. Ọsàn bíbó ni mo sì ń gbádùn ẹ̀ fún jù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí, èèpo á máa já bọ̀ gbọọrọ láìgé, bí àwọn ọlọ́sàn Kútọ̀ ṣe ń ṣe é. Iṣu ò bá a mu. Omi iṣu á wọ inú èèkù, á gbẹ síbẹ̀, igi ìgbálẹ̀ lẹ ó sì fi máa tọ́ ọ jáde. Ìrèké ńkọ́? Ẹ má dán an wò, irin ẹ̀ fẹ́lẹ́ jù.

Kò ṣòro pọ́n. Ìdí ife amọ̀, níbi tí kò dán, ti tó mi.

Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CARBONE ni mo béèrè, INOX ni oníṣòwò fi ránṣẹ́, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sára irin, nítòsí àmì ọwọ́ tó dé adé, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó sì bá a lára mu dáadáa, torí inú omi àwo ló máa ń gbàgbé ọ̀bẹ sí, INOX kì í sì í tètè dógùn-ún. Èèkù tiẹ̀ náà ṣáà ń wú lójò.

Bẹ́ ẹ bá ń wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ò ní gbọ́ pé ọsàn lẹ fẹ́ fi bó.