Wọ́n kọ ìwé ìtàn ilé wa, wọ́n yọ Màámi kúrò níbẹ̀: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn akọ̀tàn-ìdílé

Bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ kò ṣàjèjì mọ́: wọ́n á wá sílé, wọ́n á gbohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ẹlẹ́yìn líle, wọ́n á sì kó ohùn náà fún yín nínú fílàṣì. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ojú ewé kan ṣoṣo nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ká yẹ̀ wò ló mú mi kọ èyí.

Ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀ bàbá mi la fẹ́ kọ. Lọ́rì Bedford kan tí káfíńtà kan pákó sí lẹ́yìn, bọ́lẹ̀kájà gidi, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó dé. Kòkó ló ń kó láti Oǹdó wá sí Ìbàdàn, á sì kó èrò padà. Nígbà tí Bàbá máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ti kún ọgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ju pé Bàbá àgbà ní mọ́tò nígbà kan rí. Bàbá sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìdí tí mo fi pè wọ́n nìyẹn.

Ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá gbohùn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, kò sáré fa ẹ̀rọ yọ. Ó ní ká pa fáànù, ká gbé aago ara ògiri lọ sí yàrá kejì torí pé ìró rẹ̀ á wọnú ohùn. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ló gbé kalẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìkejì wà fún. Ó ní Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901, kò fojú rí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀ jọ tó tún un kọ, ó sì di 1921 kó tó jáde. "Àǹtí, ká ní kò sí àkọsílẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ọjọ́ náà lọkàn mi balẹ̀ sí wọn.

Ó tún mọ ìbéèrè í bi. Kò béèrè àṣeyọrí, kò béèrè ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́. Ó bi Bàbá pé níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba ọ̀tún. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni, ọjọ́ Ọdún Àjíǹde gan-an. Ńṣe ni Bàbá dìde lórí àga. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn Bedford wà, nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bá igbó ni dírẹ́bà ń jókòó sí. Tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ló wá di ojú rẹ̀. Ọmọ náà á yọrí síta lápá òsì, á máa pariwo, "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Dúró, dúró!" Bàbá ń fi ọwọ́ ju bí ọmọ náà ṣe ń jù ú, itọ́ ń ta sí ẹ̀rọ. Wọ́n bí mi sínú ilé yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tó kan Màámi, wọ́n ní àwọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó èésú tí wọ́n kó nídìí òwò aṣọ ló pọ̀ jù nínú owó lọ́rì àkọ́kọ́. Àwọn ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà lálaalẹ́, àwọn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ló mọ táyà tí wọ́n rà lóòótọ́ àti èyí tí wọ́n kàn ní àwọn rà. Nígbà tí ọkọ̀ kan dojú dé lọ́nà Ifẹ̀, Màámi ló lọ bá ìyá kọ̀ndọ́kítọ̀ tó kú, àwọn náà ló rán àbúrò ọmọ yẹn ní ilé-ìwé títí ó fi jáde. Bàbá jókòó tì wọ́n, wọn ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀dà àyẹ̀wò pẹ́ kọjá àkókò tí wọ́n dá. Nígbà tó dé, Màámi ní kí n kà á sí àwọn létí, torí ojú wọn kò ríwèé kà mọ́. Mo ń kà, mo ń retí ibi tiwọn. Mo débẹ̀: "Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í gbágbáágbá nínú dídùn àti kíkan." Ìlà kan. Mo ṣí ewé kejì, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ibi tí wọ́n bá mi dé nìyẹn?"

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọkùnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìtàn ilé-iṣẹ́ la kọ, a ò kọ ìtàn ìgbéyàwó." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bi í pé owó ta ni wọ́n fi ra ọkọ̀. Ó ní òun á pè mí padà, kò pè. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e, ó ní owó olùsọ̀tàn kan la san, tí a bá fẹ́ fi ẹnìkejì kún un, owó á yàtọ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín ló jókòó ti ìyá mi di alẹ́ ni? Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ímeèlì. Mo kọ ọ́. Wọ́n fèsì pé oníbàárà pàtàkì ni mí. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. Mo ti ń wá lọ́yà.

Ọmọbìnrin yẹn ló fi fóònù ara rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ti gbọ́, inú òun ò sì dùn. Lọ́sẹ̀ yẹn, òun àti olóòtú wọn wá sílé. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọdé, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màámi. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo gé e. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni àwọn tó máa kà á ń fẹ́."

Màámi ní, "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ni mo sọ."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé ìṣirò wọn jáde, àwọn ìwé eléèpo dúdú tí èmi pàápàá rò pé ikán ti jẹ tán. Olóòtú ń ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Títí di ìparí 1972, òpó mẹ́ta ni Màámi fà sójú ewé: pọ́n-ùn, ṣílè, pẹ́nì. Ní oṣù kìíní 1973, wọ́n fi rúlà fa ìlà pupa kan, òpó di méjì, náírà àti kọ́bọ̀. Wọ́n sì tún gbogbo gbèsè àtijọ́ kọ sábẹ́ ìlà náà. Dírẹ́bà tó jẹ pọ́n-ùn 12 ti di ẹni tó jẹ náírà 24, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àtẹ̀ka rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Olóòtú bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Kò dárúkọ owó mọ́. Ó ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí iná fi lọ, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yà á lọ.

Orí tí wọ́n kọ fún Màámi ló gùn jù nínú ìwé báyìí. Ojú ewé oní-ìlà-pupa yẹn gba ewé méjì gbáko. Ìyá kọ̀ndọ́kítọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Màámi fi sọ ọ́, wọn ò tún un ṣe. Mo ń kà á, omi ń bọ́ lójú mi.

Àmọ́ àmì ohùn dára ní ojú ewé kan, ó pòórá ní òmíràn. Wọ́n kọ orúkọ àbúrò Bàbá sábẹ́ àwòrán ẹlòmíràn. Àwọn fáìlì inú fílàṣì kò ní orúkọ, nọ́ńbà lásán ni, èmi ni mo gbọ́ wọn tí mo kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin orí fóònù kò tọrọ àforíjì di òní. Tí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, kí orúkọ gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ wọnú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì béèrè ohùn náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ìràwọ̀ méjì ti pọ̀ jù fún wọn. Màámi ní kí n fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún.