Àbẹ́là Ádífẹ́ńtì tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí àwọn èèyàn tó rí fọ́tò ẹ̀ lórí WhatsApp mi ń bi mí pé ṣé kí àwọn náà ra àbẹ́là Ádífẹ́ńtì yẹn, èyí tí wọ́n ń tan lọ́kọ̀ọ̀kan ní Sọ́ńdè mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì. ₦18,500 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọlọ́kadà tó gbé e wá wà lọ́tọ̀. Irin roboto kan ló wà nínú páálí, ó rí gẹ́lẹ́ bí òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru omi, ihò mẹ́rin wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń ki àbẹ́là bọ̀, ìkarùn-ún wà láàárín, wọ́n wá fi ewé rọ́bà yí i ká. Àbẹ́là márùn-ún ló yẹ kó bá a wá, mẹ́ta aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kan píǹkì, ọ̀kan funfun.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, Nòfẹ́ḿbà 30, a jẹun alẹ́ tán, mo pa iná pálọ̀, mo ṣáná sí ẹyọ kan. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní "Mọ́mì, ṣé NEPA ti mú iná lọ ni?" Mo ní rárá, àwa la pa á. Ó wo òṣùká yẹn títí, ó ní ṣebí márùn-ún ni wọ́n, kí ló dé tí a ò tan gbogbo ẹ̀. Mo ní torí à ń retí Jésù ni, kò tíì dé.

Èmi gan-an ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nílé wa, tí Dìsẹ́ḿbà bá ti wọlé, aṣọ Kérésì lọ́dọ̀ télọ̀, owó ìrẹsì, adìẹ, ta ló ń lọ sílé ta ni, báńgà tó ń dún kiri àdúgbò, bí ọjọ́ 25 ṣe máa dé ló máa bá wa nínú kíṣìnì, ó ti rẹ̀ wá, a ò tíì jókòó retí ẹnikẹ́ni. Nǹkan tí Ádífẹ́ńtì sì jẹ́ nìyẹn o, ọ̀rọ̀ Látìnì ni, wíwá ló túmọ̀ sí, wíwá tó wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti wíwá tó ṣì ń bọ̀ wá.

Torí àwọn ọmọdé náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe irú òṣùká yìí. Ní 1839, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, Johann Hinrich Wichern, oníwàásù kan tó ń tọ́ àwọn ọmọ tálákà, rí i pé àwọn ọmọ yẹn ò yéé bi òun pé ìgbà wo ni Kérésì máa dé, ló bá mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kan, ó to àbẹ́là sí i lórí, funfun ńláńlá mẹ́rin fún àwọn Sọ́ńdè, pupa kéékèèké fún àwọn ọjọ́ tó kù, kí wọ́n lè máa fi ojú ara wọn rí i pé ó ti ń sún mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn mí. Wọn ò fi píǹkì sínú tèmi, pupa ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní ṣebí àbẹ́là náà ni gbogbo ẹ̀. Mo ní rárá sà, àwọ̀ àlùkò jẹ́ ti ìrònúpìwàdà, ó jọ ti Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, tó bá wá di Sọ́ńdè kẹta ni ìjọ máa ń sinmi díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á tan píǹkì, torí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni "ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo". Kò bá mi jà, ó fi píǹkì ránṣẹ́ ní Sátidé, Dìsẹ́ḿbà 13, ọjọ́ kan péré kó tó di pé a máa lò ó, kò gba kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ páálí yín wò kí ọlọ́kadà tó lọ.

Àbẹ́là yẹn fúnra ẹ̀ dáa, kì í rú èéfín, kì í sì tètè tán. Ẹ pa fáànù o, atẹ́gùn ẹ̀ ló jẹ́ kí ìda kán sórí aṣọ tábìlì mi. Ẹ gbé e sórí tírè, kó jìnnà sí kọ́tìnì. Ewé rọ́bà yẹn ò dáa rárá, ó ń rùn, mo yọ ọ́ dànù, mo já ewé tútù lẹ́nu géètì, mo ń pààrọ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè kẹrin, àbẹ́là àkọ́kọ́ ti kúrú bí àtàǹpàkò, ìkejì ga jù ú lọ, píǹkì ga ju ìyẹn lọ, ìkẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó, wọ́n wá tò bí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi ń fi ìka gùn ún lókè, ó ní ọ̀nà tí Jésù ń gbà bọ̀ nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ 24 la tan funfun. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, Lúùkù orí kejì là ń kà lọ́wọ́ tí NEPA mú iná lọ lóòótọ́. Bàbá àwọn ọmọ dìde pé òun fẹ́ lọ tan jẹ́nẹ́rétọ̀, Màmá ní "Jókòó, ọmọ mi, jẹ́ kí ìyàwó mi kà á tán." Mo kà á dé ibi Ánà, opó tó ń retí nínú tẹ́ḿpìlì lóru lọ́sàn-án. Màmá ò sọ̀rọ̀, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ó lé ní wákàtí kan tá a fi jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, ọ̀rọ̀ píǹkì àti ewé yẹn ló gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Irin ẹ̀ ṣì wà nílé, àbẹ́là nìkan la máa rà lọ́dún yìí. Nòfẹ́ḿbà 29 ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ bọ́ sí, ẹ tètè rà á.