Etna tàbí Marsala: ibo ni ká náwó wáìnì wa sí ní Sísílì?

Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbèrò àtilọ sí Sísílì, erékùṣù Ítálì, máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé wáìnì apá ibo ló dùn jù. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè ra ìgò Etna, wáìnì òkè oníná ìlà-oòrùn, ní Lọ́ńdọ̀nù; Marsala, wáìnì ìlú etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn, sì wà lórí àtẹ súpámákẹ́ẹ̀tì. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ onílùú ń jẹ sí wáìnì yẹn ni kò ní bá yín wọ bàálù padà wálé. Nítorí náà, ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ jẹ yan ibi tí ẹ máa lọ, ọtí á tẹ̀ lé e.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rí méjèèjì lọ́jọ́ mẹ́rin o. Sísílì ló tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù Òkun Mẹditaréníà. Catania tó wà nítòsí Etna ní ìlà-oòrùn jìnnà sí Marsala ní ìwọ̀-oòrùn ju 300 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ká gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, títì ló máa wò jù.

Etna: ọtí orí òkè oníná

Òkè tó ga ju 3,300 mítà lọ ni Etna, kò sì tíì sùn. Ìgbà míì wà tó máa ń da eérú sí sánmà débi pé wọ́n á ti pápákọ̀ òfuurufú Catania, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé sún síwájú. Eérú àti òkúta dúdú tó ń tú jáde yìí náà ló di ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin àjàrà sí. Ọdún 1968 ni òfin Ítálì ti fún ọtí Etna ní orúkọ DOC tirẹ̀ (àmì tí òfin fi ń jẹ́rìí ibi tí ọtí ti wá), òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Sísílì.

Àjàrà Nerello Mascalese ló ni ọtí pupa ibẹ̀. Pupa náà kì í dúdú, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ìka yín lódìkejì ife. Ẹ má torí ìyẹn pè é ní omi. Ó máa ń fa ẹnu mọ́ra díẹ̀ bí ìgbà téèyàn gé obì jẹ, ó sì fẹ́ ẹran. Ẹran sì wà níbẹ̀: ẹlẹ́dẹ̀ dúdú orí òkè Nebrodi, sọ́séèjì Linguaglossa, olú inú igbó. Ìṣòro mi pẹ̀lú Etna nìyẹn. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ń sanwó, kó má dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀. Wọ́n lè fi pasta alla Norma rọ́pò: pásítà, tòmátò, ikàn ńlá aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n dín, àti wàràkàṣì oníyọ̀ tí wọ́n rin lé e lórí. Nínú ọtí funfun, èyí tí wọ́n fi àjàrà Carricante ṣe ni kí ẹ bèèrè; ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì bá ẹja mu. Tí ẹ bá rí Etna Bianco Superiore lára ìgò, ìlú Milo nìkan ló ti lè wá.

Ní Bronte, lẹ́bàá òkè náà, wọ́n ń gbin pistachio, èso aláwọ̀ ewé bí ẹ̀pà, tí ẹnu ń ròyìn. Ọdún kan ni wọ́n ń ká a, wọ́n á fi ọdún kejì sinmi. Ẹ ra pistachio fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí áísìkiriimu tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù tàn yín.

Marsala: ọtí inú àgbá

Ọ̀ràn ìwọ̀-oòrùn yàtọ̀ pátápátá. Lọ́dún 1773, oníṣòwò ará Ìlú Ọba kan, John Woodhouse, da ọtí líle díẹ̀ mọ́ wáìnì ibẹ̀ kó má bàa bàjẹ́ lójú omi, ó sì kó o ránṣẹ́ sílé. Báyìí ni Marsala ṣe di ọtí òwò. Vincenzo Florio, ọmọ Ítálì, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1833, àwọn àlejò sì ń wọ inú gbọ̀ngàn àgbá rẹ̀ títí dòní. Àárín ìlú, létí òkun, ni irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ lè wọ rélùwéè dé ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìtọ́wò.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ara ìgò kí ẹ tó náwó. "Fine" kò túmọ̀ sí pé ó dára: ọdún kan péré ló lò nínú àgbá, òun ló sì kéré jù. "Superiore" lo ọdún 2, "Superiore Riserva" lo 4, "Vergine" lo 5. "Secco" kò dùn, "dolce" dùn bí ádùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní Marsala kò wu òun, èyí tí wọ́n fi ń sebẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì tọ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n bu Vergine fún yín pẹ̀lú ẹyin ẹja tuna tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ, kí ẹ tó dájọ́.

Oúnjẹ ibẹ̀ ló jẹ́ kí n fara mọ́ apá yìí. Tùnísíà kò jìnnà, ó sì hàn nínú ìkòkò: couscous ni oúnjẹ ńlá Trapani, ìlú kan lápá ibẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ yí ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú àwo amọ̀, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á wá bu omi ẹja gbígbóná lé e. Ẹja ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ mu Grillo sí i, ọtí funfun tí wọn kò da ọtí líle mọ́. Ẹ fi Marsala aládùn sílẹ̀ de cannoli, ìpápánu díndín tí wọ́n ki wàràkàṣì dídùn sínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kó mú ata gígún dání. N ò sọ pé kó bù ú síbẹ̀ níwájú ẹni tó sè é o. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ wo oko iyọ̀ tó wà láàárín Marsala àti Trapani.

Pantelleria ńkọ́?

Erékùṣù kékeré tó sún mọ́ Tùnísíà ju Sísílì lọ ni. Ọtí rẹ̀ ni Passito, tí wọ́n ń fi àjàrà Zibibbo tí wọ́n sá sóòrùn ṣe. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbin àjàrà sínú kòtò; lọ́dún 2014, UNESCO ka ọ̀nà ìgbìn yẹn mọ́ ohun àjogúnbá ayé. Wọ́n ń fi caper, òdòdó kékeré tí kò tíì tanná, tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, sínú ọbẹ̀ àti sàláàdì, iṣẹ́ tó sì ń ṣe níbẹ̀ jọ ti irú lọ́bẹ̀ tiwa. Ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ka Pantelleria sí, torí ọkọ̀ ojú omi láti Trapani ń gba wákàtí púpọ̀. Tí ẹ bá ń ra ìgò, ẹ wò ó dáadáa: "liquoroso" lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n da ọtí líle mọ́ ọn. Èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ mú.

Ta ló máa wa mọ́tò?

Níbí ni owó ti ń yàtọ̀. Àárín oko, lórí òkè, ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí Etna wà. Ní Ítálì, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 0.5 gíráàmù nínú lítà kan. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún 3, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Rélùwéè Circumetnea ń yí òkè náà ká láti Catania, ó sì lẹ́wà, àmọ́ kò ní gbé yín dé ẹnu ọ̀nà oko. Nítorí náà ẹ ka owó awakọ̀ mọ́ owó Etna láti ìbẹ̀rẹ̀. Marsala kò gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún ìtọ́wò níbikíbi, ẹ bèèrè pé: ife mélòó? Oúnjẹ gidi ni àbí búrẹ́dì àti wàràkàṣì lásán? Èdè wo ni wọ́n á fi ṣàlàyé? "Pẹ̀lú oúnjẹ" tí wọ́n kọ sínú ìpolówó lè jẹ́ bísíkíìtì méjì.

Oṣù Kẹwàá ni ká lọ Etna, torí ibẹ̀ ga, àjàrà rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó pọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú oṣù náà, ọjà oúnjẹ máa ń wà ní Zafferana Etnea, ìlú kan lẹ́bàá òkè náà. Marsala kò ní ìgbà, àgbá kì í sá.

Ẹni tó bá ń padà sí Ìlú Ọba lè kó wáìnì lásán tó tó lítà 18 wọlé láìsan owó ibodè, ó sì lè fi lítà 9 Marsala kún un tí kò bá kó ọtí líle míì. Inú báàgì tó ń wọ ikùn bàálù ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì wé ìgò kọ̀ọ̀kan.