Lẹ́ǹsì tí mo háyà ní Ìkẹjà láti fi ya Mẹ́kúrì, pílánẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ òòrùn jù, níwájú òòrùn, ẹ wá gbọ́ o

Obìnrin tó jókòó sí káńtà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti háyà ẹ̀ mú fílítà ND, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ lẹ́ǹsì kù, lé mi lọ́wọ́, ó ní fílítà òòrùn nìyẹn. Torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ gbogbo eléyìí, ká ní kò sọ ọ́ ni, mi ò bá kàn fi máàkì sílẹ̀ kí n máa bá tèmi lọ. Mo ní "Màdáámù, eléyìí kì í ṣe ti òòrùn o, èyí tí a fi ń ya omi tó ń ṣàn nìyí." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé kò dúdú tó ni? Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ń fi ya òòrùn lójoojúmọ́, ojú ta ló fọ́ nínú wọn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. ND1000 yẹn, 1 nínú 1,000 ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà wọlé. Fílíìmù òòrùn gidi, èyí tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè fi wo òòrùn, 1 nínú 100,000 ni. Ìyẹn nìkan kọ́, ooru kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ òòrùn tí ojú ò lè rí, ó máa ń jó ẹ̀yìn ojú láì ní dun èèyàn rárá, ND ò sì dá ìyẹn dúró bó ṣe yẹ. Kámẹ́rà tèmi sì rèé, àwọn tó ní dígí nínú yẹn ni, ohun tó bá gba inú lẹ́ǹsì wọlé ló ń bọ́ tààrà sójú ẹni. Kí n wá gbé lẹ́ǹsì 600mm tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ dojú kọ òòrùn ọ̀sán kí n sì fi ojú sí i? Gbogbo nǹkan lèèyàn lè rí rà ní Ládípọ̀, ẹyinjú ò sí níbẹ̀ o.

Mo ṣàlàyé títí. Ó pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù ẹ̀.

Ìjà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó kan fílítà o. Mọ́ńdè 11 oṣù kọkànlá 2019 ni Mẹ́kúrì máa gba iwájú òòrùn kọjá, ìjọba sì ti fi Mọ́ńdè yẹn ṣe ìsinmi torí Mọ́lúdì tó bọ́ sí Sọ́ńdè. Inú mi dùn pé mi ò ní iṣẹ́, àṣé ìsinmi yẹn ló máa kó bá mi. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gbé lẹ́ǹsì lọ ní Sátidé, kí n dá a padà ní Túsìdeè, kí n sì sanwó gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín, ₦15,000 lójúmọ́ kan. Mo ní ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa ti ilẹ̀kùn pa, èmi ni n ó sanwó ẹ̀? Ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Báyẹn gan-an ló ṣe sọ ọ́. Dípọ́sítì ₦100,000, mo ṣe tránsífà, báǹkì tèmi ti yọ owó, ó ní òun ò tíì rí alert, mo jókòó síbẹ̀ títí fáànù fi kú tí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀, kí alert tó wọlé. Ẹ ò rí i pé inú mi ti gbóná kí ND tó dé.

Ibi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ ni bọ̀ọ̀dá kékeré kan jáde látẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe, sukudíráfà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. (Mi ò ní júwe ẹ̀ jù, kí wọ́n má baà lé e.) Ó ní "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ jàre. Fílíìmù òòrùn gidi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó ṣẹ́kù síbẹ̀ lára èyí tá a fi ṣiṣẹ́ kan." Ó lọ mú un wá, ó gbé e sókè sí iná gílóòbù, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ihò abẹ́rẹ́. Ó rí ọ̀kan létí, ó gé apá ibẹ̀ jù nù. Ó wọn ẹnu lẹ́ǹsì, ó gé páálí kámẹ́rà sí rìbìtì, ó fi fílíìmù sáàárín páálí méjì, ó fi sẹ́lótéèpù yí i ká, ó dì í mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, ó ní kí n fà á. Mo fà á, kò yẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí ni obìnrin káńtà ń pariwo orúkọ ẹ̀ pé kọ́sítọ́mà ń dúró. Ó ń dáhùn "mò ń bọ̀ mà", kò sì dìde. Ó kìlọ̀ fún mi pé iwájú lẹ́ǹsì ni kó máa wà nígbà gbogbo, mi ò gbọ́dọ̀ fi sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ooru òòrùn ń kóra jọ sí, á jó fílíìmù náà mọ́jú ẹni. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan, ó ní rárá, kí n kàn fi fọ́tò ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp.

Lẹ́ǹsì náà ńkọ́? Ó dáa, kò dáa. Lẹ́ǹsì 150-600mm ni. Ti wọn yìí mú bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òrùka tó so ó mọ́ tráípọ́ọ̀dù ti yọ̀, tí mo bá gbé e sókè sí òòrùn á rọra máa yọ́ wálẹ̀, mo fi ìrépé gèlè so ó.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè yẹn, aago kan kọjá ìṣẹ́jú 35 ni Mẹ́kúrì fẹnu kan etí òòrùn. Èmi ò rí ìyẹn, ìkúukùu ló bo gbogbo Ògbà. Nígbà tó ṣí, mo rí àmì dúdú kan, mo hó yèè. Mo yí kámẹ́rà díẹ̀, òòrùn sún, àmì yẹn ò sún. Eruku inú kámẹ́rà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú nǹkan yìí, ohun tó máa fi dá wọn mọ̀ nìyẹn, Mẹ́kúrì á bá òòrùn lọ, eruku á dúró sójú kan. Mo wá tan Live View, tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo sún un súnmọ́, mo fọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì títí etí òòrùn fi mú, ló bá yọ. Ó rí rogodo, ó dúdú kirikiri. Lọ́dún yẹn òòrùn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbàwọ́n kankan lára, nǹkan míì ò sí tèèyàn lè ṣì í mú fún. Ó kéré sha! Òòrùn fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 194 lójú wa, kóró ata kan ṣoṣo lórí àtẹ ọjà. Lójú kámẹ́rà mi, píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) bíi méje ló fẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì páálí tí wọ́n fi ń wo oòrùn tí òṣùpá bò ò fi lè ṣe nǹkan kan níbí.

Lándílọ́ọ̀dù gun òkè wá, wọ́n wo ojú kámẹ́rà, wọ́n ní "Ìyẹn nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n gbé àga wá jókòó, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n bi mí bóyá Àgùàlà ni, èyí tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn tí àwọn èèyàn ń pè ní ajá ẹ̀. Mo ní rárá sà, Àgùàlà náà máa ń kọjá báyìí, ṣùgbọ́n 2012 ló ṣe é kẹ́yìn, òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó sì di 2117 kó tó tún ṣe é. Wọ́n ní "Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí sí."

Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ló dùn jù. Mẹ́kúrì ti dé nítòsí àárín òòrùn, mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó ṣe ń di ìrọ̀lẹ́, ooru orí páànù àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mú àmì yẹn gbọ̀n. Òòrùn wọ̀ kó tó kọjá tán, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, tiwa ò lè pé. Èyí tó ń bọ̀, 13 oṣù kọkànlá 2032, àárọ̀ ló máa bọ́ sí fún wa, a ó rí i tìbẹ̀rẹ̀ tòpin tí ìkúukùu bá gbà.

Túsìdeè, mo dá ẹrù padà. Obìnrin káńtà yẹn ló tún wà níbẹ̀. Ó ka gbogbo ẹ̀, ó yọ ₦3,000 nínú dípọ́sítì mi, ó kọ ọ́ sórí rísíìtì: "fílítà òòrùn". Obìnrin tó ní ND ti dúdú tó! Páálí àti sẹ́lótéèpù tí ọmọ ọlọ́mọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe! Mo bi í pé ṣé owó yẹn máa dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é, ó ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àwọn. Mo fi fọ́tò han bọ̀ọ̀dá yẹn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sún un súnmọ́, ó sún un jìnnà, ó pe àwọn yòókù wá wò ó. Obìnrin yẹn gan-an na ọrùn. Mi ò fi hàn án.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti sanwó lẹ́ǹsì kan náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún òde kan ní Dìsẹ́ńbà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọjá káńtà, ẹ béèrè ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe.