Àga Aláṣọ-Òkè: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọdún 2017 ni Tosin Oshinowo, ayàwòrán-ilé tó ya Maryland Mall ní Èkó, dá ilé-iṣẹ́ àga Ilé-Ilà sílẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ń ṣe àga wọn, aṣọ-òkè ni wọ́n sì fi ń bò ó. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa, àga tí à ń pè ní ti ìgbàlódé máa ń jẹ́ èyí tó ti òkè òkun wá, tàbí èyí tí kápẹ́ńtà wo àwòrán rẹ̀ nínú fóònù tó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ilé-Ilà fi hàn pé ohun tí ahunṣọ ń hun lórí òfì lè jókòó sí àárín pálọ̀ náà, láìjẹ́ pé ó dà bí ohun tí wọ́n kó jáde torí àlejò.

Ohun tí a gbóríyìn fún jù lára àga wọn ni pé aṣọ àti igi mọ ààyè ara wọn. Ìlà aṣọ ló ń fa ojú, igi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí fífín tàbí góòlù tí yóò bá aṣọ du ojú ẹni. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn náà ti ń fi aṣọ-òkè bo àga báyìí, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Abẹ́ aṣọ ni ìyàtọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni owó yín ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Aṣọ ìmúròde ni aṣọ-òkè. Wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó, wọ́n á ká a, ó di inú àpótí. Tó bá wà lára àga, ojoojúmọ́ ni ìdí àti itan ń fà á. Òwú òòró rẹ̀ ló ki jù, òun ló sì lágbára. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ìjókòó ló yẹ kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ ní ìbú, ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá sún síwájú láti dìde ni yóò máa fa ojú ìrán. Etí iwájú ìjókòó, níbi tí orúnkún ti ń ṣẹ́, ni yóò kọ́kọ́ ya.

Ojú ìrán yẹn gan-an ni kí ẹ fi èékánná wò. Télọ̀ tó ń rán agbádá máa ń kan aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pọ̀ létí-létí, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún agbádá. Lára àga, kò tó. Ó yẹ kí etí ọ̀kan gun orí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí wọ́n lo ìrán wọ́gọwọ̀gọ, kí òwú ìrán náà sì jẹ́ polyester, torí òwú lásán tètè máa ń já. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi gum stay, aṣọ ìlẹ̀yìn tí télọ̀ máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, lẹ ẹ̀yìn gbogbo aṣọ náà, tàbí kí wọ́n rán tẹ́rù funfun mọ́ ọn. Ẹ fa aṣọ náà díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì: bí ẹ bá rí ihò òwú tó ń ṣí lójú ìrán, tí fóòmù sì ń yọjú láti abẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú lẹ́yìn. Irú rẹ̀ kò ní pẹ́ fàya.

Ẹ̀tàn wà nínú iye aṣọ pẹ̀lú. Ẹ mú ìjókòó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 55, tó jìn ní 55, tí fóòmù rẹ̀ nípọn ní 8. Aṣọ gbọ́dọ̀ bo 55 yẹn, kó sọ̀kalẹ̀ ní 8 lápá méjèèjì, kó tún ní 4 lápá kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò ká sábẹ́ kí wọ́n tó kàn án mọ́ igi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 79. Bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìrán sì gba 1 lára rẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ni yóò bò ó. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 85 kí ọwọ́ lè rí ibi fà á. Ìyẹn lé ní mítà méje àbọ̀ fún ìjókòó nìkan, ìfẹ̀yìntì kò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní mítà márùn-ún ti tó fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, aṣọ mìíràn ló fẹ́ fi bo ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fà á le débi pé ìlà rẹ̀ á wọ́.

Ní ti òwú, ẹ yàn èyí tí kò ní okùn dídán. Okùn dídán wọ̀nyẹn rẹwà ní gbọ̀ngàn òde, ṣùgbọ́n wọ́n ń ha itan, wọ́n sì ń kọ́ sípù àti ẹ̀gbà ọwọ́. Bí ọ̀kan bá ti já, yóò máa yọ sókè bí irun ni. Bí aṣọ náà bá jẹ́ pupa tàbí aró, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún dáadáa. Bí àwọ̀ bá wá sára rẹ̀, yóò wá sára aṣọ funfun àlejò yín. Kí ẹ má sì gbé àga náà sí iwájú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé, torí ibi tí oòrùn bá kàn á ni yóò ti ṣá.

Fóòmù rọrùn láti yẹ̀ wò, síbẹ̀ àwọn oníbàárà kì í ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n fi ègé fóòmù tí wọ́n fẹ́ lò hàn yín kí wọ́n tó bò ó, kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní òòró, 50 ní ìbú, tó nípọn ní 10, gbọ́dọ̀ wọn tó gíráàmù 800 bó bá jẹ́ ti ìjókòó. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ni pé kílógíráàmù bíi 32 nínú mítà oníhà-mẹ́ta (cubic metre) kan ni fóòmù ìjókòó tó dáa. Bí ègé yẹn bá wọn gíráàmù 400, ti ìfẹ̀yìntì pàápàá kò tó o. Ó lè le lọ́wọ́ lónìí, nítorí líle ọ̀tọ̀, wíwúwo ọ̀tọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ àárín rẹ̀ á jìn, aṣọ-òkè orí rẹ̀ á tú, á máa ká jọ.

Lábẹ́ fóòmù, rọ́bà tí wọ́n fà kọjá lórí igi ló dára, tí àlàfo àárín wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Páálí pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ kì í fún ìdí ní ìsinmi.

Igi wá kù. Tíìkì àti ìrókò ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn jù, méjèèjì sì dára fún férémù. Ẹ béèrè bóyá ó gbẹ. Igi tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ máa ń fẹ́ tó ọdún kan nínú afẹ́fẹ́ kó tó gbẹ dénú, àfi bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń fi ooru mú igi gbẹ. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi. 12 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó dín díẹ̀ ni kí ẹ retí fún ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Igi tútù á sún kì, pàápàá bí ọyẹ́ bá dé, oríkèé á sì tú.

Tíìkì ní wàhálà tirẹ̀: ó ní òróró nínú, òróró yìí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un. Ó yẹ kí wọ́n fi tínà nu ojú ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí òróró mìíràn tó jáde. Ẹ dojú àga dé. Níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé igi ìdábùú, ẹ wò ó bóyá wọ́n gbẹ́ ihò kí wọ́n tó ki ẹnu igi kejì bọ̀ ọ́, àbí ìṣó nìkan ni wọ́n gbá mọ́ ọn. Ègé igi onígun mẹ́ta tí wọ́n fi síkúrù dè sí kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àmì rere. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá ìfẹ̀yìntì mú, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì. Àga tuntun tó bá dún, ẹ má gbé e.

Àwọn méjì mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ fò yín ru. Lani Adeoye fi RemX gba ipò kìíní ní SaloneSatellite ti Milan ní 2022, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí kò tíì ju ọdún 35 lọ ti ń pàtẹ láti 1998. Ohun tí arúgbó fi ń rìn ni RemX, wọ́n sì fi èwéko orí omi tó ń dí ojú ọ̀sà pa, water hyacinth, hun ún. Nifemi Marcus-Bello, tó gba Hublot Design Prize lọ́dún kan náà, ní tirẹ̀ gbé LM Stool, àpótí ìjókòó onírin rẹ̀, lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àpótí ìbora jẹnẹrétọ̀ ní Èkó. Lójú tèmi, òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn, torí pé ó wo ohun tí ẹ̀rọ ibẹ̀ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó yàwòrán, kò sí irinṣẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ní láti rà. Bí ẹ bá fẹ́ ra àpótí ìjókòó onírin èyíkéyìí, ẹ fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ yípo. Etí tí wọn kò ká tàbí tí wọn kò yọ́ á gé aṣọ. Ní Èkó, níbi tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ibi tí ọ̀dà bá ti bó ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀.

Design Week Lagos, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, jẹ́ ibi tó dára láti bá àwọn oníṣẹ́ tuntun pàdé lójúkojú. Ibẹ̀ lẹ ti lè dojú àga dé kí ẹ sì béèrè ìbéèrè, èyí tí fọ́tò kò gbà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ san àsansílẹ̀, ẹ kọ irú igi, ìwọ̀n fóòmù àti ọjọ́ tí àga á jáde sínú ìwé. Kí ẹ sì ní kí wọ́n hun aṣọ lé ní mítà mẹ́ta lórí ohun tí àga gbà, kí wọ́n kó o fún yín. Bí ọbẹ̀ bá dà sí ìlà kan lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó rí ohun fi pààrọ̀ rẹ̀. Aró tí wọ́n bá tún pò lẹ́yìn náà kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu.